Ọkọ̀ tuntun láti Bouaké dé Èjìgbò: Kí ló yẹ kí ẹ yẹ̀ wò lọ́wọ́ iléeṣẹ́ tó ń tà á kí ẹ tó sanwó?

Ní ìlú Èjìgbò, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, bọ́ọ̀sì tó ń ná Abidjan kì í ṣe ohun àjèjì. Bẹ́ẹ̀ náà ni owó sẹ́fà kì í ṣe ohun àjèjì lọ́jà ìlú náà.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá ni àwọn ọmọ Èjìgbò ti ń lọ ṣòwò lórílẹ̀èdè Côte d'Ivoire, níbi tí wọ́n ti ń pe àwọn ọmọ Yorùbá ní Anango. Wọ́n wà ní Abidjan, wọ́n wà ní Bouaké tó jẹ́ ìlú ńlá kejì lórílẹ̀èdè náà, wọ́n sì wà ní àwọn ìlú kéékèèké tó yí wọn ká.

Lẹ́yìn ilé kíkọ́, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ wà lára ohun tí oníṣòwò tó ti làágùn fún ọ̀pọ̀ ọdún máa ń fẹ́ fi owó rẹ̀ rà. Owó tó ń bá a lọ kì í ṣe kékeré. Fún ẹlòmíì, èrè ọdún márùn-ún tàbí mẹ́wàá ló ń kó sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Síbẹ̀, àwọn kan wà tó jẹ́ pé àsìkò tí wọ́n fi ń ná aṣọ ọdún pọ̀ ju èyí tí wọ́n fi ń yẹ ọkọ̀ tuntun wò lọ. Wọ́n á wo àwọ̀ rẹ̀, wọ́n á jókòó sínú rẹ̀, wọ́n á béèrè èló ni jálẹ̀, wọ́n á sì sanwó.

Ìbéèrè tó yẹ kó ṣíwájú ni èyí: ta ni yóò máa tọ́jú ọkọ̀ yìí, níbo ló wà, báwo ló sì ṣe ń ṣe sí àwọn tó ti rajà lọ́wọ́ rẹ̀ ṣáájú?

Kí ló dé tí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tuntun fi gbòde?

Ní Nàìjíríà, Tòkunbọ̀ ni wọ́n ń pe ọkọ̀ àlòkù tó ti òkè òkun dé. Ní Côte d'Ivoire, "France au revoir" ni orúkọ tirẹ̀, ìyẹn ọkọ̀ tó ti dágbére fún ilẹ̀ Faransé. Irú ọkọ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ mẹ̀kúnnù àti oníṣòwò ń rà.

Àmọ́ lọ́jọ́ 6, oṣù Kejìlá, ọdún 2017, ìjọba Côte d'Ivoire gbé àṣẹ kan jáde tó fi gbèdéke sí ọjọ́ orí ọkọ̀ àlòkù tí èèyàn lè kó wọ orílẹ̀èdè náà. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ aládàáni àti takisí tó bá ti ju ọdún 5 lọ kò gbọdọ̀ wọlé mọ́. Láti oṣù Keje ọdún 2018 ni àṣẹ náà ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ohun tí èyí túmọ̀ sí ni pé ọkọ̀ àlòkù tó ti dàgbà, tí owó rẹ̀ kò wọ́n, kò rí ọ̀nà wọlé bíi tàtijọ́. Èyí tí kò tíì pé ọdún 5 sì wọ́n ju bí ọ̀pọ̀ ṣe lérò lọ. Nígbà tí ẹni tó fẹ́ rà á bá ṣírò owó rẹ̀ pọ̀ mọ́ owó àtúnṣe, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wo ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta tuntun.

Ní Nàìjíríà, ohun tó fa ìnira yàtọ̀. Láti oṣù Kẹfà ọdún 2023 tí ìjọba ti jẹ́ kí ọjà fúnra rẹ̀ máa sọ iye tí náírà tó, owó ọkọ̀ fò sókè, àti tuntun àti Tòkunbọ̀. Sẹ́fà ní tirẹ̀ so mọ́ owó Euro, sẹ́fà 655.957 sí Euro kan, nítorí náà kì í já wálẹ̀ lójijì bíi náírà.

Lọ́dọ̀ àwọn méjèèjì, ibì kan náà ni ọ̀rọ̀ parí sí. Ọkọ̀ tuntun ti di ohun tí èèyàn gbọ́dọ̀ fara balẹ̀ rà, torí ẹni tó bá ṣi í rà kò ní tètè rí owó míì láti fi ṣàtúnṣe.

Kìlómítà 350 láàárín ọkọ̀ àti ẹni tí yóò tọ́jú rẹ̀

Abidjan ni àwọn ilé ìtajà ọkọ̀ tuntun tó lórúkọ ní Côte d'Ivoire pọ̀ sí jù. Ẹni tó bá gba òpópónà ńlá kọjá láti Treichville lọ sí Marcory yóò rí wọn, pẹ̀lú gíláàsì ńlá àti ọkọ̀ tó ń dán gbinrin.

Bouaké ní ìtàn tirẹ̀. Láti ọdún 2002 títí di 2011, ibẹ̀ ni ibùdó àwọn ọlọ̀tẹ̀ tó ń darí apá àríwá orílẹ̀èdè náà. Ọ̀pọ̀ báǹkì àti iléeṣẹ́ ńlá ló ti ìlẹ̀kùn nígbà náà. Ìlú náà ti gbérí padà, kódà ó gbàlejò ìdíje ife ẹ̀yẹ Áfíríkà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024. Síbẹ̀, ẹni tó ń gbé níbẹ̀ ṣì gbọ́dọ̀ béèrè dáadáa: ṣé iléeṣẹ́ tó fẹ́ ta ọkọ̀ yìí fún mi ní ibi àtúnṣe nítòsí mi, àbí Abidjan ni mo ó máa sáré lọ?

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Láti Bouaké sí Abidjan tó bíi kìlómítà 350. Àlọ àti àbọ̀ jẹ́ 700.

Ká ní ìwé ọkọ̀ sọ pé kí ẹ máa gbé e wá fún àyẹ̀wò àti pípààrọ̀ ọ́ìlì ní gbogbo kìlómítà 10,000. Kí ọkọ̀ náà tó rin kìlómítà 100,000, ìgbà 10 ni yóò dé ọ̀dọ̀ wọn. Tó bá jẹ́ Abidjan ni gbogbo rẹ̀, kìlómítà 7,000 ni ẹ ó fi wá àyẹ̀wò nìkan.

Tó bá jẹ́ gbogbo kìlómítà 5,000 ni wọ́n sọ, ìgbà 20 ni, ìyẹn kìlómítà 14,000. Tí ìrìnàjò kọ̀ọ̀kan bá sì gba ọjọ́ méjì, ogójì ọjọ́ ni ṣọ́ọ̀bù yóò fi wà ní títì.

Nítorí náà, tí ilé ìtajà kan bá dín owó fún yín ju èkejì lọ, ẹ má tíì jó. Ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n ní ibi tí ẹ ó ti máa ṣe àyẹ̀wò ọkọ̀ náà, kí ẹ sì fi owó epo, owó ọ̀nà àti ọjọ́ ọjà tó máa bọ́ kún un. Ẹ̀dínwó náà lè má kù síbì kankan.

Iléeṣẹ́ kan ló ṣe é, orúkọ méjì ló ń jẹ́

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ oníbàárà kò mọ̀, tó sì fi hàn pé iṣẹ́ ẹni tó ń tajà ṣe pàtàkì bí ọjà fúnra rẹ̀.

Ní oṣù Kẹta ọdún 2019, iléeṣẹ́ Toyota àti Suzuki kéde pé àwọn yóò jọ máa ṣiṣẹ́ pọ̀. Lára àdéhùn náà ni pé Suzuki yóò máa fún Toyota ní àwọn ọkọ̀ kan tí wọ́n ń ṣe ní Íńdíà, kí Toyota lè máa tà wọ́n ní Áfíríkà lórúkọ tirẹ̀.

Ibẹ̀ ni Toyota Starlet tó jáde ní Áfíríkà ní ọdún 2020 ti wá. Suzuki Baleno ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Íńdíà ni wọ́n ti ṣe àwọn méjèèjì. Ohun tó yàtọ̀ lójú kò ju orúkọ, iwájú ọkọ̀ àti àwọn nǹkan kéékèèké míì lọ.

Tí ọkọ̀ méjì bá jọra tó báyìí, kí ni oníbàárà ń fi wọ́n wéra? Owó wọn ni, ọdún tí iléeṣẹ́ fi dúró lẹ́yìn wọn ni, bí ẹ̀yà ara wọn ṣe wà nílẹ̀ ni, àti bí wọn yóò ṣe rọrùn láti tà tó bá yá. Gbogbo ìwọ̀nyí, ọwọ́ ẹni tó ń tajà ni púpọ̀ nínú wọn wà.

Ìgbà míì tilẹ̀ wà tó jẹ́ pé ẹnì kan náà ló ń ta àwọn méjèèjì. Iléeṣẹ́ CFAO, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Marseille ní ilẹ̀ Faransé lọ́dún 1887, tí Toyota Tsusho ti Japan sì gbà sábẹ́ rẹ̀ láti ọdún 2012, ń ta Toyota àti Suzuki ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀èdè Áfíríkà.

Ní Nàìjíríà, ọ̀nà míì ló tún gbà yọ. Níbẹ̀, alágbàtà púpọ̀ lè máa ta ọkọ̀ kan náà. Elizade, tí Olóyè Michael Ade-Ojo ọmọ Ìlárá-Mọ̀kín dá sílẹ̀ lọ́dún 1971, ti ta Toyota fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bẹ́ẹ̀ náà ni R.T. Briscoe àti Mandilas. Ẹni tó bá wà ní Èkó lè rí ọkọ̀ kan náà, ọdún kan náà, àwọ̀ kan náà, lọ́wọ́ alágbàtà mẹ́ta. Tí ọkọ̀ kò bá ti yàtọ̀, ìtọ́jú ni yóò yàtọ̀.

Wíwa ọkọ̀ wò: kì í ṣe ìrìn yíká ọgbà

Ní Côte d'Ivoire, "essai" ni wọ́n ń pe wíwa ọkọ̀ wò kí èèyàn tó rà á. Ọ̀pọ̀ ilé ìtajà ní ọkọ̀ kan tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un. Àmọ́ bí wọn kò bá fi lọ̀ yín, ẹ béèrè. Kì í ṣe ojúrere ni wọ́n ń ṣe fún yín.

Kí ẹ tó gba kọ́kọ́rọ́, ẹ mú ìwé àṣẹ ìwakọ̀ yín dání, kí ẹ sì béèrè bóyá ìwé adójútòfò ọkọ̀ náà bo oníbàárà tó ń wà á. Tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà, ó yẹ kí ẹ ti mọ ẹni tí yóò sanwó rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, àwọn nǹkan wọ̀nyí ló yẹ kí ẹ ṣe:

• Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n má ṣáná sí ọkọ̀ náà kí ẹ tó dé. Ẹ́ńjìnnì tó ti gbóná lè fi àléébù rẹ̀ pamọ́, èyí tó tutù ni yóò jẹ́ kí ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀ gan-an.

• Ẹ kó èrò dání. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀yin márùn-ún lẹ ó máa wọ̀ ọ́ lọ sọ́jà tàbí lọ sílé, kí ẹ̀yin márùn-ún wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ náà. Ọkọ̀ tó ń fò bí ẹyẹ nígbà tí awakọ̀ nìkan wà nínú rẹ̀ lè máa mí hẹlẹ nígbà tí ẹrù bá dé.

• Ẹ wá ọ̀nà tí kò dára lọ. Títì tó jọ̀lọ̀ níwájú ilé ìtajà kì í sọ òótọ́. Ẹ gba ojú kòtò àti gegele kọjá jẹ́jẹ́, kí ẹ tẹ́tí sí abẹ́ ọkọ̀ bóyá ó ń gbo ilẹ̀.

• Ẹ gun òkè. Ẹ dúró sí àárín rẹ̀, kí ẹ tún gbéra. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti mọ agbára ẹ́ńjìnnì àti bí jíà ṣe ń ṣiṣẹ́.

• Ẹ dán bíréèkì wò níbi tí kò sí ọkọ̀ lẹ́yìn yín. Ọkọ̀ kò gbọdọ̀ fà sí ẹ̀gbẹ́ kan nígbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́.

• Ẹ pa rédíò. Ẹni tó ń tajà lè tàn án láti fi bí ohùn rẹ̀ ṣe dùn hàn yín, àmọ́ ohùn ọkọ̀ lẹ wá gbọ́.

• Ẹ tan ẹ̀rọ tó ń mú inú ọkọ̀ tutù ní ọ̀sán gangan, kí ẹ wo bóyá atẹ́gùn rẹ̀ ń dé ọ̀dọ̀ àwọn tó jókòó sẹ́yìn.

• Ẹ fi ẹ̀yìn rìn, kí ẹ sì páàkì í síbi tó há. Ẹ wo bóyá dígí fi gbogbo ẹ̀yìn hàn yín.

Kí ẹnì kejì nínú ilé náà sì wà á, pàápàá tó bá jẹ́ pé tìyàwó-tọkọ ni yóò jọ máa lò ó. Kí ìyá tàbí bàbá àgbà jókòó sẹ́yìn, kí wọ́n wọlé kí wọ́n sì jáde. Ìdúró ọkọ̀ tó ga lè wu ọ̀dọ́, kó sì jẹ́ ìyà fún orúnkún àgbàlagbà.

Tí ẹ bá ń fi ọkọ̀ méjì wéra, ọ̀nà kan náà ni kí ẹ wà wọ́n gbà, kó sì jẹ́ lọ́jọ́ kan náà bó bá ṣeé ṣe. Ẹni tó wa ọ̀kan lónìí, tó wá wa èkejì lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ìrántí rẹ̀ ló fi ń ṣèdájọ́.

Kí ẹ sì rántí pé ọkọ̀ tí ẹ wà wò kọ́ ni wọn yóò gbé fún yín. Ẹ bi wọ́n léèrè bóyá èyí tí ẹ ó gbà ní gbogbo ohun tí ẹ rí nínú eléyìí. Ọkọ̀ àwòrán máa ń jẹ́ èyí tó wọ́n jù.

Ìbéèrè méje tó yẹ kí iléeṣẹ́ dáhùn lórí ìwé

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ kọ́ ni oníṣẹ́, à fi ẹni tó bá fi orí tì í dópin. Ẹ̀rín àti omi tútù tí wọ́n fi gbà yín lálejò lọ́jọ́ àkọ́kọ́ kò sọ bí wọn yóò ṣe ṣe sí yín lẹ́yìn oṣù mẹ́fà.

Wáráńtì ni àdéhùn pé iléeṣẹ́ yóò tún ohun tó bá bàjẹ́ nínú ọkọ̀ ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ fún àkókò kan. Ọdún 3 tàbí kìlómítà 100,000, èyí tó bá kọ́kọ́ pé, wọ́pọ̀ ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà. Àmọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀ máa ń yàtọ̀ láti iléeṣẹ́ kan sí òmíì. Ẹ bi wọ́n ní:

1. Ọdún mélòó àti kìlómítà mélòó ni wáráńtì náà, kí ni kò sì sí nínú rẹ̀? Táyà, bíréèkì àti bátìrì kì í sábà bá ẹ́ńjìnnì lọ.

2. Ibo àti ibo ni mo ti lè ṣe àyẹ̀wò rẹ̀ láì pàdánù wáráńtì? Ẹ gba orúkọ àwọn ìlú náà.

3. Èló ni àyẹ̀wò àkọ́kọ́, èkejì àti ẹ̀kẹta? Iléeṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò ní iye yìí lọ́wọ́.

4. Èló ni fílítà ọ́ìlì, bíréèkì iwájú, iná iwájú àti dígí ẹ̀gbẹ́? Ṣé wọ́n wà nílẹ̀ lónìí? Àwọn wọ̀nyí ló máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́ tàbí fọ́ lójú pópó wa.

5. Tí ẹ̀yà ara kan kò bá sí nílẹ̀, ọ̀sẹ̀ mélòó ló máa ń gbà kó tó dé? Ta ni yóò gbé ọkọ̀ fún mi lò ní gbogbo àkókò náà?

6. Tí ọkọ̀ bá dúró sójú ọ̀nà, ta ni yóò sanwó fífà á?

7. Ṣé wáráńtì náà ń ṣiṣẹ́ ní orílẹ̀èdè míì?

Ìbéèrè keje yìí ṣe kókó fún ẹni tó ń ná Bouaké sí Èjìgbò. Orúkọ ọkọ̀ lè jẹ́ ọ̀kan náà ní Abidjan, Cotonou àti Èkó, kí ẹni tó ń tà á sì yàtọ̀ níbi kọ̀ọ̀kan. Alágbàtà tí kò ta ọkọ̀ fún yín lè sọ pé òun kò mọ ohunkóhun nípa àdéhùn yín.

Ẹ má gba "kò séwu, a ó máa yanjú ẹ̀" gẹ́gẹ́ bí ìdáhùn. Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú òǹtẹ̀ iléeṣẹ́ lórí rẹ̀.

Ẹ lọ wo ẹ̀yìn ilé ìtajà náà

Iwájú ilé ìtajà ni wọ́n ń tún ṣe fún oníbàárà. Ẹ̀yìn rẹ̀, níbi tí àwọn mẹkáníìkì wà, ni òótọ́ wà.

Ẹ lọ síbẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ kan, kí ẹ jókòó fún wákàtí kan níbi tí wọ́n ti ń gba ọkọ̀ wọlé. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń bá àwọn èèyàn sọ̀rọ̀. Ṣé wọ́n ń kọ ẹ̀sùn oníbàárà sílẹ̀, àbí wọ́n kàn ń mi orí? Ṣé wọ́n ń sọ iye owó kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́? Ṣé wọ́n ń fi ẹ̀yà tí wọ́n yọ han ẹni tó ni ọkọ̀?

Ẹ bá àwọn tó ń dúró de ọkọ̀ wọn sọ̀rọ̀. Ẹ bi wọ́n pé ìgbà mélòó ni wọ́n ti padà wá nítorí ìṣòro kan náà. Ẹni tó ti rà á kò ní nǹkan kan láti tà fún yín, nítorí náà yóò sọ bó ṣe rí.

Àwọn awakọ̀ takisí náà mọ púpọ̀. Ní Côte d'Ivoire, àwọn tó ń wa woro-woro máa ń wà lójú ọ̀nà láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Wọ́n mọ ọkọ̀ tí ẹ̀yà ara rẹ̀ wà lọ́jà àti èyí tó jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ló ní i.

Tuntun kò túmọ̀ sí pé ó dáàbò bo ẹ̀mí

Ìdí míì wà tó fi yẹ kí ẹ fara balẹ̀ yẹ ọkọ̀ wò níwájú ẹni tó ń tà á. Ọkọ̀ tó ń jẹ́ orúkọ kan náà lè ní ohun ààbò púpọ̀ ní Europe, kó má ní wọn ní Áfíríkà.

Àjọ Global NCAP, tó máa ń mú ọkọ̀ kọlu nǹkan láti mọ bó ṣe ń dáàbò bo èèyàn, bẹ̀rẹ̀ ètò kan fún Áfíríkà lọ́dún 2017. Lọ́dún 2018, ọkọ̀ Nissan NP300 Hardbody tí wọ́n ń tà ní South Africa gba òdo nínú ìràwọ̀ 5.

Lọ́dún 2019, àjọ náà mú NP300 tuntun ti Áfíríkà àti Nissan Navara àlòkù ti ọdún 2015 láti Europe, wọ́n sì jẹ́ kí àwọn méjèèjì kọlu ara wọn. Àbájáde rẹ̀ ni pé ó ṣeé ṣe kí ẹni tó wà nínú tuntun kú, kí ẹni tó wà nínú àlòkù sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn jáde.

Ẹ bi ẹni tó ń tajà pé báàgì atẹ́gùn tó ń dáàbò boni mélòó ló wà nínú ọkọ̀ tí ẹ fẹ́ gbà gan-an, kì í ṣe èyí tó wà nínú ìwé ìpolówó. Ẹ béèrè bóyá bíréèkì rẹ̀ ní ABS, tí kì í jẹ́ kí táyà gan pa lójú ọ̀nà tó tutù. Ẹ wo bóyá gbogbo ìjókòó ló ní bẹ́líìtì, títí kan ti àárín lẹ́yìn. Olùtajà tó mọ ọkọ̀ rẹ̀ yóò dáhùn lójú ẹsẹ̀.

Tí mo bá fẹ́ gbé e wálé ńkọ́?

Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó wà ní Côte d'Ivoire ló ń ra ọkọ̀ pẹ̀lú èrò pé yóò bá wọn dé Nàìjíríà. Níbí ni wọ́n ti gbọ́dọ̀ ṣọ́ra jù.

Láti ọjọ́ 1, oṣù Kínní, ọdún 2017 ni ìjọba Nàìjíríà ti fòfin de kíkó ọkọ̀ wọlé láti ẹnubodè orí ilẹ̀, ìbáà jẹ́ tuntun tàbí àlòkù. Ibùdókọ̀ ojú omi ni ọkọ̀ tí èèyàn fẹ́ fi sílẹ̀ ní Nàìjíríà gbọ́dọ̀ gbà wọlé, kó sì san owó ẹnubodè níbẹ̀.

Fífi ọkọ̀ ṣe àbẹ̀wò kí èèyàn sì gbé e padà yàtọ̀ sí èyí. Ó ní ìwé tirẹ̀ tí àwọn aṣọ́bodè máa ń béèrè. Nípa adójútòfò, káàdì aláwọ̀ ilẹ̀ ti ECOWAS, tí àdéhùn rẹ̀ wáyé ní Cotonou lọ́dún 1982, ló ń bo ìpalára tí ọkọ̀ bá ṣe fún ẹlòmíì ní orílẹ̀èdè tó bá lọ. Ẹ béèrè fún un lọ́wọ́ iléeṣẹ́ adójútòfò yín kí ẹ tó gbéra láti Bouaké la Gánà, Togo àti Benin kọjá.

Nítorí náà, kí ẹ tó yan ibi tí ẹ ó ti ra ọkọ̀, ẹ kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè yìí fúnra yín: orílẹ̀èdè wo ni ọkọ̀ yìí yóò ti lo ọ̀pọ̀ ọjọ́ ayé rẹ̀? Ibẹ̀ ni kí ẹni tó tà á fún yín wà.

Kí ni òfin sọ nípa ẹ̀tọ́ oníbàárà?

Côte d'Ivoire ní òfin tó ń dáàbò bo oníbàárà, èyí tí wọ́n fọwọ́ sí lọ́jọ́ 15, oṣù Kẹfà, ọdún 2016. Òfin ìlú tí wọ́n jogún láti ọ̀dọ̀ Faransé náà sọ pé ẹni tó tajà ló ni ẹ̀bi àléébù tó fara pamọ́ sínú ọjà nígbà tó tà á, tí kò jẹ́ kí ọjà náà ṣeé lò bó ṣe yẹ.

Ní Nàìjíríà, òfin ọdún 2018 tó dá àjọ FCCPC sílẹ̀ fún oníbàárà ní ẹ̀tọ́ sí ọjà tó dára tí kò sì léwu, ó sì fún un láyè láti dá ọjà tó lábùkù padà.

Àmọ́ ẹ̀tọ́ kò ṣiṣẹ́ láìsí ìwé. Ẹ tọ́jú rìsíìtì, ìwé wáráńtì, ìwé ìpolówó tí wọ́n fi hàn yín, àti ìwé tí wọ́n ń lu òǹtẹ̀ sí nígbà àyẹ̀wò kọ̀ọ̀kan. Tí ẹ bá fi ẹnu nìkan sọ ẹ̀sùn lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, kò sí ẹni tí yóò gbà pé ẹ sọ ọ́.

Lọ́jọ́ tí ẹ ó gba kọ́kọ́rọ́

Ẹ má lọ gba ọkọ̀ lálẹ́ tàbí nígbà tí òjò ń rọ̀. Ojúmọ́ ni kí ẹ lọ, kí ẹ lè rí ojú ọ̀dà rẹ̀ dáadáa.

Ẹ fi nọ́ńbà tó wà lára ọkọ̀ wé èyí tó wà nínú ìwé, kí ẹ má fo ọ̀kankan. Ẹ wo iye kìlómítà tó ti rìn. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ táyà: nọ́ńbà mẹ́rin kan wà níbẹ̀, méjì àkọ́kọ́ ń sọ ọ̀sẹ̀, méjì ìkẹyìn ń sọ ọdún tí wọ́n ṣe é. Táyà tó ti pẹ́ jù lè túmọ̀ sí pé ọkọ̀ náà ti dúró nínú oòrùn fún ìgbà pípẹ́.

Ẹ ka táyà àfipamọ́, jáàkì àti kọ́kọ́rọ́ kejì. Ẹ tan gbogbo iná rẹ̀. Tí iná ìkìlọ̀ kan bá wà tí kò kú, ẹ má gbé e kúrò níbẹ̀, ohun yòówù kí wọ́n sọ. Tí ẹ bá rí àbùkù kan, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ìgbàwọlé kí ẹ tó fọwọ́ sí i.

Ọ̀nà láti Abidjan padà sí Bouaké jìn. Ẹni tó bá ti béèrè gbogbo ohun tó yẹ kó béèrè, tó wa ọkọ̀ náà wò lójú ọ̀nà tó dára àti èyí tí kò dára, tó sì mọ orúkọ ẹni tí yóò pè tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, lè wà á lọ pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀. Ẹni tó kàn béèrè èló ni jálẹ̀ yóò ṣì máa béèrè èló lọ́wọ́ mẹkáníìkì fún ọ̀pọ̀ ọdún.